Dókítà méjì, nọ́ńbà kan: ìlànà wo ni ká tẹ̀lé fún màmá wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Màmá mi jẹ́ ẹni ọdún 63. Wọn kì í mu sìgá, wọn ò sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Lóṣù tó kọjá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 138 lórí 86. Dókítà kan ní kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru lára wọn. Èkejì ní ó wà, pé ohun tí ìlànà sọ nìyẹn. Rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá wa. Ẹni ọdún 52 ni wọ́n nígbà tó kọ́kọ́ kọ lù wọ́n, nítorí náà ojora ti mú gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń fún màmá ní aspirin kékeré lójoojúmọ́ torí pé ó kà á nínú ìwé pẹlẹbẹ tí ilé ìwòsàn fún bàbá lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Àbúrò mi náà fi àkójọ àyẹ̀wò 14 ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, pé ẹni tó bá ti lé ní 40 gbọ́dọ̀ máa ṣe é lọ́dọọdún: thyroid, àmì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀, àwòrán gbogbo ara àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi, obìnrin ni mí, ẹni ọdún 41. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó màmá. Dókítà méjèèjì ló tọ̀nà. Mo mọ̀ pé ó lè dà bíi pé mo ń gbè sẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí: ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà. Láti 2017 ni àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá ti dé 130 lórí 80 ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2021, ní 140 lórí 90 ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Yúróòpù náà ò kúrò lórí 140 lórí 90, àmọ́ ní 2024 wọ́n fún ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàárín 120 sí 139 ní orúkọ tuntun, pé ìfúnpá rẹ̀ ti ń gòkè. Nítorí náà, pẹ̀lú 138 lórí 86 kan náà, màmá yín ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní orílẹ̀-èdè kan, wọn ò sì ní in ní òmíràn. Kò sí ohun tó yí padà lára wọn nínú bàálù tó gbé wọn kọjá.

Ẹ máa béèrè pé kí ló dé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ò fi fẹnu kò. Ẹ̀rí kan náà ni wọ́n jọ ń wò o. Ìwádìí kan wà tó ń jẹ́ SPRINT, èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Ènìyàn 9,361 ló kópa nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí kò tíì pé 50 nínú wọn, ewu àrùn ọkàn wọn sì ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti fi pín wọn sí apá méjì: wọ́n ń fi oògùn lé ìfúnpá apá kan lọ sí ìsàlẹ̀ 120, ti apá kejì lọ sí ìsàlẹ̀ 140. Láàárín ọdún mẹ́ta àti díẹ̀, àìsàn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù lára àwọn tí wọ́n lé tiwọn wálẹ̀ gan-an.

Ìdá 25! Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní sáré lọ gba oògùn? Ẹ jẹ́ ká ka orí ènìyàn. Nínú 1,000 ènìyàn tó wà ní apá 140, nǹkan bí 68 ni irú àìsàn yẹn mú. Nínú 1,000 tó wà ní apá 120, nǹkan bí 52. Ènìyàn 16 nínú 1,000 ló bọ́ nínú rẹ̀. Èrè gidi ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí etí ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pariwo 25. Nínú apá 120 yìí kan náà sì ni ìfúnpá àwọn kan ti já wálẹ̀ jù, tí àwọn kan ń dákú, tí kíndìnrín àwọn mìíràn ń ṣàárẹ̀. Wọn ò tún gba ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà sínú ìwádìí náà, wọn ò gba ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí.

Bí mo ṣe lóye rẹ̀, ìgbìmọ̀ kan wo èrè yẹn, ó ní ó tó nǹkan tí a lè tìtorí rẹ̀ fa ààlà wálẹ̀. Ìgbìmọ̀ kejì rántí àwọn ibi tí kò ti sí ẹni tó máa yẹ kíndìnrín aláìsàn wò lẹ́yìn tó bá gba oògùn, ó ní kí ààlà wà níbi tí èrè ti dá gbogbo wa lójú. Ohun tí kálukú kà sí pàtàkì ló fa ìyàtọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa ràn yín lọ́wọ́ nígbàkigbà tí ìlànà méjì bá ń ta ko ara wọn: ẹ béèrè irú ènìyàn tí ìgbìmọ̀ náà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ká tó máa jà lórí ààlà, ṣé 138 yẹn tilẹ̀ jẹ́ òótọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìfúnpá kì í dúró sójú kan bí ìwọ̀n bàtà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn wọlé, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì gíga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro, tí nọ́ọ̀sì tún ń bá a tàkúrọ̀sọ nígbà tí ẹ̀rọ ń fún un lápá, nọ́ńbà rẹ̀ lè fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju bó ṣe yẹ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé aṣọ funfun dókítà nìkan ti tó láti lé tiwọn sókè. Bí wọ́n bá délé, ó ti wálẹ̀. Òdìkejì wọn náà wà, àwọn tí tiwọn dára níwájú dókítà àmọ́ tó ga nílé. Àwọn yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí kò sẹ́ni tó ń wá wọn kiri.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ wá ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ rí i pé aṣọ tí wọ́n ń wé náà bá apá wọn mu, torí èyí tó bá há jù á máa purọ́ sókè. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ méje, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín èkíní àti èkejì. Kí wọ́n ti lọ tọ̀. Kí ó ti tó ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n mu kọfí kẹ́yìn. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kí apá wọn sinmi lórí tábìlì ní déédéé àyà, kí aṣọ má sì sí lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa fẹ́ máa béèrè pé “mélòó ni? mélòó ni?” Gbogbo nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sílẹ̀, títí kan èyí tí kò bá dùn mọ́ yín. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, ẹ ro ìyókù pọ̀, kí ẹ wá fi iye ìyókù náà pín in. Bí ohun tó jáde bá ti dé 135 lórí 85, ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà tó ń lo ààlà 140 náà á pè é, torí pé 135 nílé ni wọ́n kà sí 140 ní ilé ìwòsàn.

Bí ẹ bá ṣèèṣì rí 180 lórí 120, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá dúró síbẹ̀ tí àyà sì ń dùn wọ́n, tí wọn ò lè mí dáadáa, tí ojú ń ṣú wọn tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà.

Ká ní nọ́ńbà ọjọ́ méje yẹn wá jáde ní bíi 132 lórí 82. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí, torí pé àwọn ìwé tó ń bá ara wọn jà níbẹ̀rẹ̀ á wá jọ bi yín ní ìbéèrè kan náà. Ti Amẹ́ríkà ní 2017, tí wọ́n ti tún kọ ní 2025, ní ẹni tó wà ní ìpele yìí, tí kò tíì pé 65, tí kò ní àrùn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn kíndìnrín, tí ewu kó ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ láàárín ọdún 10 kò sì tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbé ayé rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tún ṣe, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ti Yúróòpù ní 2024 ní bí ewu ọdún 10 náà bá ti tó 10, tí oṣù mẹ́ta àtúnṣe kò sì mú un wá sí ìsàlẹ̀ 130 lórí 80, kó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ẹni tó ti ní àrùn ọkàn ní oògùn láti 130, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ewu rẹ̀ ga. Ẹ rí i pé orúkọ ni wọ́n ń jà lé. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ mọ̀ ni pé: báwo ni ewu obìnrin yìí ṣe tó láàárín ọdún 10 tó ń bọ̀?

Ọjọ́ orí, ìfúnpá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá àti ìtọ̀ ṣúgà ni dókítà fi ń ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń gbà. Ìbéèrè yín kò sọ iye ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ màmá. Bí wọn ò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn ni ohun tó kàn. Dípò kí ẹ bi dókítà pé “ṣé wọ́n ní in àbí wọn ò ní in?”, ẹ bi í pé “mélòó ni ewu wọn nínú ọgọ́rùn-ún?” Màá gbé ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwọ̀n kí n tó gbé orúkọ àìsàn sí i.

Ó tún ku ohun kan tí ẹ̀rù ò jẹ́ kí ẹ rí, àwọn àgbà sì ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Rọpárọsẹ̀ tó pa bàbá yín kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ màmá yín. Tọkọtaya ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbátan. Bí dókítà bá ń béèrè ìtàn ìdílé lọ́wọ́ màmá, òbí tiwọn àti àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ni wọ́n ń béèrè. Ẹ̀yin mẹ́ta gan-an ni ọ̀rọ̀ bàbá kàn. Àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tó bá mú bàbá kó tó pé 55, tàbí ìyá kó tó pé 65, ni ọ̀pọ̀ ìlànà kà sí èyí tó tètè dé, ó sì ń fi kún ewu àwọn ọmọ. Ojú gbogbo yín wà lára ìfúnpá màmá; ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ti ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin kẹ́yìn? Nínú ẹbí púpọ̀, ẹni tó ń ti àwọn òbí lọ sí ilé ìwòsàn ni kì í wọ yàrá dókítà fún ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín náà ló gbé wa dé orí aspirin. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ tètè ṣe nǹkan sí. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn kò purọ́. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà ti kọ lù rí, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ rí nítorí òpójẹ̀ tó dí, aspirin ṣì wà lára oògùn tó ń dáàbò bò ó, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá yín ni wọ́n kọ ìwé náà fún. Màmá yín kò tíì ṣe irú àìsàn yẹn rí, ìyẹn sì yí gbogbo ìṣirò padà.

Nígbà kan rí, àwa dókítà ń fún ẹni tí kò tíì ṣàìsàn ọkàn rí náà ní in. Èmi fúnra mi kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì rò pé oore ni mo ń ṣe. Ní 2018, èsì ìwádìí ASPREE jáde, ènìyàn 19,114 ní Australia àti Amẹ́ríkà, àgbàlagbà tí púpọ̀ wọn ti pé 70, tí wọn kò ní àrùn ọkàn. Aspirin kò dín àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ wọn kù ní ọ̀nà tó ṣe é fi yangàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára lọ́nà tó léwu, bóyá nínú ikùn tàbí nínú orí, mú bíi 38 nínú 1,000 àwọn tó ń lò ó, ó mú 28 nínú àwọn tí kò lò ó. Ní 2022, ìgbìmọ̀ tó ń gba orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn, USPSTF, ní kí ẹni tó bá ti pé 60, tí kò ní àrùn ọkàn, má ṣe bẹ̀rẹ̀ aspirin nítorí àtidènà rẹ̀. Màmá yín ti pé 63. Ẹ pe dókítà wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti ń lò ó àti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbẹ́ wọn bá dúdú bí ọ̀dà tàbí tí wọ́n bá ń bì ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé kankan.

Ohun mìíràn tún so mọ́ ọn. Bí ojú ẹnì kan bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan kò ṣe é gbé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ wo aago, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó lè ya àwòrán ọpọlọ. Ẹ má fi aspirin sí i lẹ́nu nílé. Òpójẹ̀ tó dí àti èyí tó bẹ́ jọra lójú, àwòrán nìkan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì sì ní àkókò tirẹ̀, wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ látìgbà tí àmì bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlànà fi sí i. Nítorí náà ni aago fi ṣe pàtàkì: ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín lẹ́nu ọ̀nà ni ìgbà tí wọ́n rí i gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ le.

Ṣé kí ẹ wá sọ pé àwọn dókítà kò dúró lórí ọ̀rọ̀ kan? Mo gbọ́ ọ lẹ́nu aláìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìlànà tó bá wà lójú kan fún ogún ọdún nígbà tí ìwádìí ń jáde ni kí ẹ bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n da ìkókó dojú bolẹ̀ bó bá ń sùn, torí kó má baà fi èébì pa ara rẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu létí. Nígbà tí wọ́n wá fi ojú ṣùnnùkùn wo àwọn ọmọ tó ń kú lójú oorun, wọ́n rí i pé ìdojúbolẹ̀ yẹn gan-an ló ń fi kún un. Britain bẹ̀rẹ̀ sí í polongo pé kí ọmọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ní 1991, Amẹ́ríkà ní 1994, ikú òjijì yẹn sì fi bí ìdajì dínkù láàárín ọdún mélòó kan. Ìyá àgbà tó bá ṣì ń da ọmọ ọmọ rẹ̀ dojú bolẹ̀ kò ṣe aburú, ìmọ̀ràn tí nọ́ọ̀sì fún un nígbà tirẹ̀ ló dì mú. Ẹ̀gbọ́n yín náà nìyẹn. Ẹ rọra bá a sọ ọ́.

Bí ìwé ìlànà bá tún bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́ àti irú aláìsàn tí wọ́n kọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe le tó. Àwọn tó ń kọ ìlànà lóde òní máa ń yà á sọ́tọ̀: èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ló máa fẹ́ ẹ, àti èyí tó rọ̀, tó sinmi lé ipò kálukú. Àpẹẹrẹ kan: kí àgbàlagbà má jẹ ju gíráàmù 5 iyọ̀ lọ lójúmọ́, bíi ṣíbí ìtíì kan, ìmọ̀ràn tó le ni lọ́dọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Kí ènìyàn máa lo iyọ̀ tí wọ́n fi pòtásíọ̀mù rọ́pò díẹ̀ lára sódíọ̀mù inú rẹ̀, èyí tí wọ́n dámọ̀ràn ní 2025, ìmọ̀ràn tó rọ̀ ni. Ẹ̀rí dáadáa wà lẹ́yìn rẹ̀ o. Ní ìgbèríko China, wọ́n fi iyọ̀ méjèèjì wé ara wọn láàárín ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 21,000, àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí tàbí tí wọ́n ti pé 60 tí ìfúnpá wọn sì ga, rọpárọsẹ̀ sì fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù lára àwọn tó lo ti pòtásíọ̀mù. Síbẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára kò lè fi í ṣeré, torí pòtásíọ̀mù lè ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó sì da ìlù ọkàn rú. Ìdí nìyẹn tó fi rọ̀. Ọwọ́ kan náà ni, ìka ò dọ́gba. Bí ìmọ̀ràn bá le, tí dókítà yín kò sì tẹ̀lé e, ẹ béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá rọ̀, dókítà ló yẹ kó béèrè lọ́wọ́ yín.

Mo wá bọ́ sórí àkójọ 14. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yín, kí ẹ sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Àyẹ̀wò tí a ń ṣe fún ẹni tí ohunkóhun kò ṣe yàtọ̀ sí èyí tí a ń ṣe fún ẹni tí ara ń ni. Kì í tó pé ó lè rí àìsàn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé rírí i ní kùtùkùtù á yí òpin ọ̀rọ̀ padà sí rere. Ẹ wo thyroid, ẹ̀yà kékeré iwájú ọrùn yẹn. Nígbà tí fífi ẹ̀rọ wo ọrùn àwọn tí ara wọn le di ohun tó wọ́pọ̀ ní South Korea, iye àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ní jẹjẹrẹ thyroid ní 2011 di ìlọ́po 15 ti 1993. Iye àwọn tó ń pa kò yẹ̀ kúrò lójú kan. Kókó wẹ́wẹ́ tí ì bá bá wọn dàgbà láìṣe wọ́n ní nǹkan kan ni wọ́n ń wá rí. Púpọ̀ wọn ni wọ́n gé thyroid wọn, tí wọ́n wá di ẹni tó ń lo oògùn títí ayé, iṣẹ́ abẹ náà sì ba ohùn àwọn kan jẹ́. Síbẹ̀, ó rọrùn fún irú wọn láti gbà pé àyẹ̀wò náà ló gba àwọn là. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ẹni tí àyẹ̀wò ṣe níbi ló máa ń yìn ín jù. Àwòrán gbogbo ara àti àmì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń rìn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ 41, ohun tí màá ṣe ká ní ẹ jókòó níwájú mi kò pọ̀. Ìfúnpá lọ́dọọdún. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ báyìí, nítorí ti bàbá. Ṣúgà, pàápàá bí ara bá sanra. Bó bá dé 126 mg/dL láìtíì jẹun, wọ́n á tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Fún ẹnu ilé-ọmọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti 30 ni kí obìnrin ti máa ṣe àyẹ̀wò kòkòrò HPV tó ń fa jẹjẹrẹ ibẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 5 sí 10. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é rí, òun ni kí ẹ fi ṣáájú gbogbo èyí tó wà nínú àkójọ yẹn, torí pé ó ń rí ewu kó tó di jẹjẹrẹ rárá. Ti ọmú, ẹ tún máa bá àríyànjiyàn pàdé: USPSTF ní láti 40, ní ọdún méjì méjì, Britain ń pe àwọn obìnrin láti 50, ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń ka irú ìyàtọ̀ yẹn báyìí. Bí jẹjẹrẹ ọmú bá wà nínú ẹbí ìyá tàbí bàbá, ẹ sọ ọ́, torí ó lè fa ọjọ́ náà ṣáájú. Ìfun ńlá ku ọdún mẹ́rin, 45 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò ìgbẹ́ lásán sì lè tó.

Màmá ní tiwọn: ọmú àti ìfun ńlá bí wọn ò bá tíì ṣe é, líle egungun bí wọ́n bá pé 65, àjẹsára fún àìsàn èémí tí wọ́n ń pè ní flu lọ́dọọdún, àti èyí tó wà fún òtútù àyà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ orí tó fi sí i. Iyọ̀, mo ti sọ ọ́. Kí wọ́n máa rìn tàbí kí wọ́n ṣe ohunkóhun tó ń mú kí èémí yára díẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n pín in sí mẹ́wàá mẹ́wàá.

Nígbà tí ẹ bá ń padà lọ rí dókítà, ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀yin ọmọ ni kó tẹ̀ lé màmá. Bí mẹ́ta bá wọlé, ẹ̀rù yín ni dókítà máa tọ́jú. Ẹ mú ìwé nọ́ńbà ọjọ́ méje dání, àti gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò nínú ilé, títí kan èyí tí ẹ rà fúnra yín: àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac ń lé ìfúnpá sókè, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò sì kà wọ́n sí oògùn. Ẹ jẹ́ kí màmá fúnra wọn dáhùn ohun tí wọ́n bá bi wọ́n. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á sọ níbẹ̀ pé kí wọ́n má dákú nílé ìwẹ̀ ló jẹ wọ́n lógún ju rọpárọsẹ̀ lọ, tàbí pé kò sí ohun tí wọn ò ní ṣe kí ti bàbá má baà tún ṣẹlẹ̀ sí wọn. Dókítà nílò láti gbọ́ èyíkéyìí tó bá jẹ́, torí kò sí nínú ìwé kankan, òun ló sì máa sọ bóyá oògùn tàbí oṣù mẹ́ta àtúnṣe ló máa ṣáájú. Kí wọ́n tó dìde, ẹ béèrè nọ́ńbà tí ẹ ń lépa àti ọjọ́ tí ẹ máa padà, kí wọ́n kọ méjèèjì sẹ́yìn ìwé ọjọ́ méje yẹn.